Ọwọ́ Òsì Ni A Fi Ń Júwe Ajégúnlẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí kì í sú àwa ọ̀dọ́ Èkó. Níbi tí àwa mẹ́ta mẹ́rin bá ti jókòó, yálà níbi ọjọ́ ìbí ni o, tàbí nínú ọkọ̀ tí gosiló há mọ́ ojú títì, ẹnì kan á ṣáà bèèrè pé: "Ibo lo ò lè gbé láéláé, kódà kí wọ́n fún ẹ nílé lọ́fẹ̀ẹ́?" Ìdáhùn kì í pẹ́ dé. "Ajégúnlẹ̀ kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." "Muṣin ńkọ́? Kí wọ́n lè já fóònù gbà lọ́wọ́ mi?" "Èmi ò lè gbé Makoko láé. Orí omi?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó lu ara wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì yà sí ibòmíràn.

Àwa tí a ń kọ èyí náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Ẹ̀rín yẹn ni a fẹ́ bá wí lónìí, a ó sì ti orí ara wa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wà tó jẹ́ pé Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti lọ sílé ìwé. Nígbà tó ń wá iṣẹ́, àdírẹ́sì àǹtí rẹ̀ ní Sùúrùlérè ló kọ sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n gbà á síṣẹ́. Odidi ọdún méjì ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń já a sílẹ̀ ní Sùúrùlérè lálaalẹ́. Á dúró lẹ́bàá títì, á máa juwọ́, títí mọ́tò ọ̀gá á fi ṣẹ́ kọ́nà, kó tó wá dánfó tí yóò wọ̀ lọ sílé. Kò jalè, kò sì yí ìwé ẹ̀rí. Ilé bàbá rẹ̀ nìkan ló ń fi pa mọ́. Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọ̀rẹ́ wa yìí ò tilẹ̀ fi ọwọ́ kankan júwe é.

Ohun tí a fẹ́ sọ ò gùn rárá: kí ìjọba tó fi katakata wó àdúgbò kan, àwa aráàlú á ti kọ́kọ́ fi ẹnu wó o.

Ẹ wo orúkọ yẹn ná. Ajé gúnlẹ̀. Ajé dé, ó sì fìdí kalẹ̀. Ẹni tó sọ ibẹ̀ lórúkọ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èbúté Àpápá wà nítòsí, iṣẹ́ sì wà níbẹ̀, ni Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ àti Haúsá bá wá kóra jọ sí Ajégúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ru ẹrù, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ní òdìkejì, ìjọba òyìnbó la títì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sí Àpápá fún àwọn ọ̀gá, wọ́n gbin igi, wọ́n gbẹ́ gọ́tà. Títí dòní, Boundary ni wọ́n ń pe ibi tí àdúgbò méjèèjì ti pàdé. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n tẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tí ìjọba ro tiẹ̀ nígbà tó ń yàwòrán ìlú, àti ẹni tí kò rò tiẹ̀.

Tí ẹ bá sì rò pé ilẹ̀ kan wà tó gba orí ire wáyé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ Àpápá fúnra rẹ̀. Nígbà tí tírélà àti táńkà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú títì rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí ihò inú títì ń gbé ọkọ̀ mì, àwọn olówó kó ẹrù wọn, ilé iṣẹ́ tilẹ̀kùn, ilé tí wọ́n ń jìjàdù tẹ́lẹ̀ wá ń wá ayálégbé. Ṣé ilẹ̀ Àpápá ló ṣàdédé burú ni? Àbójútó ló kúrò níbẹ̀. Níbi tí àbójútó bá ti kúrò, GRA náà á di ibi tí a ń sá fún.

Sùúrùlérè tí ọ̀rẹ́ wa fi bo ara rẹ̀ láṣìírí ńkọ́? Ní 1955, àjọ LEDB, tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ibẹ̀ ti há jù, ó ti dọ̀tí jù. Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Peter Marris, òyìnbó kan tó ṣèwádìí láàárín wọn, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1961. Àwọn ìyálọ́jà pàdánù oníbàárà, agboolé tú ká, ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ jẹun lójoojúmọ́ wá ń wọkọ̀ kó tó fojú kàn án. Sùúrùlérè nígbà náà, ẹ̀yìn odi ni. Lónìí, òun la fi ń ṣe fọ́rífọ́rí. Ibi tí wọ́n kó àwọn ẹni ìtìjú lọ níjọ́sí ti di ibi tí a ń fi ìtìjú tiwa pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n Maroko ló yẹ ká fi kọ́gbọ́n jù. Ní oṣù keje 1990, Raji Rasaki, gómìnà ológun Èkó nígbà náà, fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n fi kó jáde. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Kí ni ìjọba wí? Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, pé omi lè bò ó mọ́lẹ̀, pé ibẹ̀ dọ̀tí, pé kò yẹ kí ọmọ èèyàn máa gbé irú ibẹ̀. Ọjọ́ méje pé, katakata dé, àwọn agbófinró kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n fún níbùgbé ní Ìlasàn àti Ìkọ̀tá, nínú ilé tí púpọ̀ nínú wọn ò tíì parí. Àwọn ayálégbé fọ́n ká bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí.

Ó dáa. Kí ló wà lórí ilẹ̀ Maroko lónìí? Ẹ gba ọ̀nà Oníru kọjá, kí ẹ wòkè. Ilé alájà lórí ilé alájà, géètì, jẹnẹrétọ̀, ilé ìtura. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù fún apẹja àti aláàárù ti wá ga tó fún olówó. Òkun ò sún sẹ́yìn o. Wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n la títì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n fa iná. Gbogbo ohun tí kò ṣeé ṣe fún Maroko ló di ṣíṣe nígbà tí àwọn ará Maroko lọ tán. Ẹ wá sọ fún wa: èwo ni kò ṣeé gbé nínú ilẹ̀ yẹn àti àwọn tó wà lórí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Makoko náà ò yàtọ̀. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tó ń pẹja ló pọ̀ níbẹ̀, ilé wọn wà lórí òpó nínú ọ̀sà. Ní oṣù keje 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn ní wákàtí 72. Lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún wọn ni pé ilé wọn ń ba ìlú ńlá jẹ́. Lẹ́nu wíwó yẹn, ìbọn ọlọ́pàá pa ọ̀kan nínú àwọn baálẹ̀ wọn. Láàárín sáà kan náà yìí, wọ́n ń da yanrìn sínú òkun gan-an ní Victoria Island, láti tẹ Eko Atlantic dó. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá ń gbé orí omi jù? Tí òtòṣì bá ri òpó sínú ọ̀sà, a ní orí rẹ̀ ò pé. Tí olówó bá lé òkun kúrò láyè rẹ̀, a ní ọ̀làjú dé.

Láàárín oṣù kọkànlá 2016 sí oṣù kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame kúrò létí ọ̀sà níhà Lekki. Wọ́n lé ní 30,000. Ilé wọn jóná, wọ́n sì wó èyí tó ṣẹ́ kù. Ní oṣù kẹfà 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá a pé lílé tí wọ́n lé wọn láìpèsè ibòmíràn lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Wọ́n jàre lórí ìwé, ilé wọn ò sì padà. Ẹ rántí ohun tí a ń sọ lẹ́nu nígbà yẹn: "Ṣebí orí omi ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Bí gbogbo ìlú bá ti gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ibìkan, ta ló máa pariwo nígbà tí wọ́n bá lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀?

A mọ̀ pé ẹnì kan á ní: "Ẹ̀yin náà, ẹ má tàn wá jẹ. Ṣé Ajégúnlẹ̀ wá dùn ún gbé ni?" Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Tí òjò bá rọ̀, omi ń wọlé. A mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fóòmù sórí tábìlì lóru. A mọ ilé oníyàrá méjìlá tó jẹ́ pé ṣáláńgá kan ni gbogbo wọn ń tò sí lówùúrọ̀. A mọ owó tí ìyá wa ń ná lórí omi kẹ́ẹ̀gì, nígbà tí omi ẹ̀rọ ò yọ. A mọ alẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin bá ń fi ìgò lé ara wọn. Ẹni tó bá lágbára láti kó jáde kúrò nínú rẹ̀, a ò ní bá a wí. Àwa náà kó jáde.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀, a sì ń lọ̀ wọ́n pọ̀. Ẹni tó ní "mi ò lè gbé ibi tí kò ní gọ́tà" ti sọ ohun tó ṣeé tún ṣe. Gọ́tà ní ẹni tó yẹ kó gbẹ́ ẹ, ẹni náà sì ń gbowó lọ́wọ́ ìyálọ́jà àti ọlọ́kadà lójoojúmọ́. Ẹni tó ní "mi ò lè bá irú àwọn èèyàn yẹn gbé," kí la fẹ́ tún ṣe sí tiẹ̀? Ọ̀nà kan ṣoṣo tí tiẹ̀ fi lè ní ìyanjú ni kí wọ́n lé àwọn èèyàn yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ṣe ní Maroko.

Ẹ sì fi èyí wé e. Ní oṣù keje 2017, òjò rọ̀ débi pé omi gba Lekki àti Victoria Island. A fi ṣe àwàdà, a káàánú wọn, a ní ìjọba ò tọ́jú ojú omi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní, "Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀ ná?" Kò sẹ́ni tó fún wọn ní wákàtí 72. Òjò kan náà, àánú méjì.

Àwọn kan á fẹ́ fi Odion Ighalo bẹ̀ wá: ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù dé Manchester United, tó gba góòlù jù nínú ìdíje ife Áfíríkà 2019. Àwọn míì á ní Daddy Showkey ńkọ́? A dúpẹ́, wọ́n ṣe wá lóge. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n ṣe ìgbèjà wa. Ṣé ó dìgbà tí ọmọ àdúgbò kan bá di ìràwọ̀ kí ìyá tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí omi tó mọ́? Kò sẹ́ni tó ń ní kí Ìkòyí mú agbábọ́ọ̀lù wá kí wọ́n tó tún títì rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa ọ̀dọ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ ilé ní Èkó: owó ilé fúnra rẹ̀, àgírímẹ́ǹtì, kọ́míṣọ̀n, owó tí láńlọ́ọ̀dù tún fẹ́ gbà tí kò mọ orúkọ tí yóò pè é. Lọ́dọọdún, ibi tí owó oṣù wa ká ń sún sẹ́yìn. Ibi tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí lè jẹ́ ibi tí ẹ́jẹ́ǹtì máa mú wa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Tí katakata bá wá bá wa níbẹ̀, ẹ̀rín tiwa ni àwọn yòókù máa fi dá wa lóhùn.

Nítorí náà, nígbà míì tí ìbéèrè yẹn bá tún wáyé, ẹ yí i padà. Ẹ bèèrè pé kí ló ṣẹ́ kù kí ibẹ̀ tó dáa, àti pé ta lówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí awakọ̀ bá ní òun ò ní lọ sí Ajégúnlẹ̀, ẹ má fi ìtìjú bọ́ sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti débẹ̀ rí. Tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ wó ibìkan nítorí pé "kò ṣeé gbé," ẹ bèèrè ẹni tó máa gbé ibẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀rẹ́ wa ti kúrò níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tó ń kún fọ́ọ̀mù ti èkejì, ó dúró díẹ̀ níbi àdírẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó kọ nọ́ńbà ilé, ó kọ orúkọ òpópónà, ó kọ Ajégúnlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ ọ́.