Ẹ̀rọ Àwo Orin: Tuntun Ni Tàbí Tòkúnbọ̀?

Bí ẹ bá jogún àwo orin Yusuf Olatunji tàbí ti Haruna Ishola, tí owó ọwọ́ yín kò sì pọ̀, ẹ má ṣe kánjú ra ẹ̀rọ tí yóò ba wọ́n jẹ́.

Bí ẹ bá ń nájà ní Terminus, ní ìlú Jos, nítòsí ibi tí iná ti jó ọjà ńlá ní ọdún 2002, tuntun olówó pọ́ọ́kú ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ yín lójú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa tẹ àwo ní ìwọ̀n gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹ̀rọ tí ó dára kò ju nǹkan bí 2 lọ. Abẹ́rẹ́ tí ó wúwo a máa jẹ ojú ìlà àwo.

Tòkúnbọ̀ lè dára jù ú lọ ní iye owó kan náà, àmọ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń lo iná 120 fóòlítì. Tiwa lé ní 200. Tiransifọ́mà lè gbà á lọ́wọ́ jíjó, síbẹ̀ mọ́tò àtijọ́ mìíràn yóò máa falẹ̀, orin yóò sì máa wọ́.

Ẹ mú àwo kan dání, kí wọ́n lù ú níṣojú yín. Bẹ́líìtì tí ó gbó ṣeé pààrọ̀. Bí apá rẹ̀ bá tẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ yọ owó abẹ́rẹ́ tuntun sọ́tọ̀.

Ẹ̀rọ ní arọ́pò. Àwo bàbá yín kò ní.