Ẹjọ́ Àkùkọ Oníjà

Ní ọ̀pọ̀ agboolé wa, bí àkùkọ bá ti fò mọ́ ọmọdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdájọ́ kì í pẹ́: ọ̀bẹ ni, ìkòkò sì ni. Èmi náà ti fẹ́ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àkùkọ ilé mi fi èékánná gígùn ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ya ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ ojú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tíì gbẹ tí mo ti ń béèrè omi gbígbóná. Ìyá mi ni wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, “Ta ni ó kọ́ àkùkọ yìí ní ìjà?”

Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Láti ìgbà tí ogbe orí rẹ̀ ti ń pọ́n bọ̀ ni àwọn ọmọkùnrin ilé ti ń na ẹsẹ̀ sí i; bí ó bá fò mọ́ wọn, ẹ̀rín ni wọn yóò rín. Èmi náà a sì máa bá wọn rín in. Àwa mọ̀ pé eré ni. Lójú àkùkọ, ẹsẹ̀ tí a nà sí i, ìpè sí ìjà ni.

Ẹ̀bi kejì tún ń bẹ. Àkùkọ 3 ni mo ní sí àgbébọ̀ 6, bẹ́ẹ̀ ni àkùkọ 1 tó àgbébọ̀ 8 sí 10. Wọ́n gun àwọn àgbébọ̀ títí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn fi re. Àwọn baba wa kì í jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀: àkùkọ ni wọ́n ń pa fún àlejò àti fún ọdún, wọn a sì dá àgbébọ̀ sí.

Wọ́n ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Mo gbà fún àgbò. Àwọn àkùkọ tí wọ́n jọ dàgbà lè gbé pọ̀ bí àyè bá fẹ̀ tí àgbébọ̀ sì tó, nítorí wọ́n mọ ẹni tí í ṣe àgbà láàrin ara wọn. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan fi hàn pé ọ̀gá àkùkọ ní í kọ́kọ́ kọ láfẹ̀mọ́júmọ́, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e ní ipò-ipò. (Ìpàdé àwa olùkọ́ yunifásítì ì bá jẹ́ rí bẹ́ẹ̀!)

Ìyá mi ní kí n ta àkùkọ méjì yòókù. Nígbà tí oníjà náà wọ̀ lálẹ́, wọ́n gbé e, wọ́n dé agọ̀ lé e lórí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń há a mọ́ abíyá títí yóò fi yé jà pìtìpìtì, kí wọ́n tó fún un ní àgbàdo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nà án, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sá fún un. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn ni ó ṣòro láti kọ́ ju àkùkọ lọ.

Bí ó bá ṣì ń lé ọmọdé lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má fi ojú ọmọ ṣe ìdánwò. Ẹ pa á. Tiwa kò dé ibẹ̀. Òun ni ó jí mi láàárọ̀ òní.