Ojú Ta Ni Àlejò Fi Ń Ríran?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọ́n tún ní bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń di. Òwe méjèèjì kò lábùkù, àmọ́ ọrùn àlejò nìkan ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù kọ́. Òun ni kó lajú, òun náà ni kó di ìkúùkù. Ẹni tó bá wo ìrìn àwọn ará Òkè-Ògùn dáadáa yóò rí i pé ó ku ibì kan. Bí àlejò yóò bá fìdí jókòó ní ìlú tuntun, ọwọ́ onílé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Tamale, ní àríwá Gánà. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ Ṣakí àti Ìgbòho ní Òkè-Ògùn, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń ṣòwò débẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í wá ilé kiri; ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ará ìlú rẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, tí yóò máa ru ọjà ọ̀gá rẹ̀ láti ọjà abúlé kan dé òmíràn. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á gbé ọjà àwìn fún un, òun náà á pàtẹ tirẹ̀. Wọ́n gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ èdè onílẹ̀. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà tún bímọ. Tó bá jẹ́ ti ìkúùkù dídì, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kí wọ́n dì?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjà kún ṣọ́ọ̀bù, gbèsè wà níta tí wọn kò tíì gbà. Àwọn tí Gánà bí, tí Gánà wò dàgbà, wọkọ̀ wá sí ìlú tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu bàbá wọn lásán, wọ́n sì tún di àlejò láàárín ìbátan wọn.

Àwọn kan á ní ẹ̀bi tiwọn ni: wọ́n gba “àjò kì í dùn kí onílé má relé” gbọ́ jù, ìlú wọn ni wọ́n ń kọ́lé sí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni wọ́n ń dá. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Òwu ńkọ́? Lẹ́yìn tí ogun fọ́ ìlú wọn, wọ́n dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1834, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ níbẹ̀. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ló rọ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. Wọ́n rílẹ̀ tẹ̀dó sí, wọn kò sì jọ̀wọ́ orúkọ àti oyè wọn. Lónìí Olówu jẹ́ ọ̀kan nínú ọba mẹ́rin Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ àti Àgùrá. Ẹ̀mí ìlú ẹni kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé onílé ṣílẹ̀kùn. (Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí bú ará Gánà o: ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé wọn, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà la fún wọn.)

Ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò yìí ò jìnnà sí Àgọ́-Àrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo. Ilẹ̀ iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá ni. Bí ìgbà ebè bá dé, ọwọ́ onílé nìkan kò ká a mọ́. Káàkiri Òkè-Ògùn, ọ̀dọ́ láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló ń kọ ọ̀pọ̀ ebè. Ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń bá olóko ṣàdéhùn, ẹlòmíràn á sì ní alùpùpù lòun fẹ́ gbà dípò owó lópin ọdún, kóun gùn ún kọjá ẹnubodè lọ sílé.

Àlejò kò dọ́gba: olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Ìbàdàn lè ráhùn nípa iná àti ọ̀nà, àmọ́ ó ní owó oṣù, ó sì gbọ́ èdè. Agùnbánirọ̀ ní ìwé lọ́wọ́ àti ọ́fíìsì tó lè sá lọ. Ọmọ Tógò ní olóko rẹ̀ nìkan. Olóko ló ń bọ́ ọ, òun ló ń ka oṣù fún un, òun náà ló ń bá a pa owó mọ́. Bó bá wá di oṣù kẹwàá, tí olóko ní iye ebè kò pé, ta ni yóò gbẹnu sọ fún un?

Kò yẹ kí irú àdéhùn yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín ẹni méjì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ọmọ náà gbọ́, kí ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ẹbí olóko bọwọ́ lù ú, kí orúkọ ìlú àti bàbá ọmọ náà wà níbẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ baálẹ̀. Àwọn olóko kan á ní ìyẹn ti ní wàhálà jù. Kò ní wàhálà tó ọdún kan lẹ́yìn ọkọ́.