Ta Ló Fọ́ Òkúta Àgbàlá Yín?

Òkúta kì í hù nílẹ̀ Ìlàjẹ létí òkun. Ẹni tó bá kọ́lé sí Ùgbò tàbí Ayétòrò, tó fẹ́ kí àgbàlá òun dùn ún wò, apá òkè ló ti máa ra òkúta wẹ́wẹ́. Típà á gbé e dé Ìgbókòdá, wọn á rù ú sínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ á sì gbé e débi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Yanrìn tí wọ́n ń rọ sórí ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó lè gba ìńtálọ́kì, koríko tí wọ́n ń tẹ́, òdòdó tí wọ́n ń gbìn, gbogbo rẹ̀ ló gba ọwọ́ ẹnì kan kó tó dé. Iye tí òkúta jẹ́ la máa ń bèèrè. Ta ló ń bèèrè ẹni tó fọ́ ọ?

Mo pàdé agbaṣẹ́ṣe kan nígbà kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún àyíká ilé ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní ìwé kékeré kan bí èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Owó ọkọ̀ láti ìlú wọn. Gààrí. Bàtà òjò. Oògùn ibà. Ṣọ́bìrì tó kán. Bí ó bá ti ń kọ owó iṣẹ́ ọmọ náà sókè, bẹ́ẹ̀ ló ń yọ gbèsè kúrò nísàlẹ̀, gbèsè náà kì í sì í tán. Ọmọkùnrin kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá ṣì jẹ ẹ́ lówó. Fóònù ọmọ náà ń bẹ nínú báàgì ọ̀gá, "kó má baà sọnù," ni ọ̀gá wí. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ojú ewé kan péré ló dè wọ́n.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa fífi iṣẹ́ san gbèsè. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó ni èlé, owó tí wọ́n yá sì dúró bó ṣe wà títí wọn ó fi san án. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní àkókò tó lè fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n kò yin ìwọ̀fà. Ohun tí mò ń wí ni pé ìwé agbaṣẹ́ṣe yẹn burú jù ú lọ. Ẹbí ìwọ̀fà ti ná owó kan kí ó tó lọ sìn. Ọmọ tí mo rí yìí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó dé ibi iṣẹ́ ni gbèsè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní 2003, àwọn aláṣẹ kó ọmọdé tó ju 100 lọ kúrò nínú kòtò òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí orílẹ̀-èdè Benin. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti ìlú Zakpota níbẹ̀. Òkúta ni wọ́n ń wà, òun ni wọ́n ń fi òòlù fọ́ sí wẹ́wẹ́, irú èyí tí típà ń kó lọ síbi iṣẹ́ ilé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: ará ìlú wọn wà lára àwọn tó kó wọn wá. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Nàìjíríà dá NAPTIP sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò. Ní 2005, Nàìjíríà àti Benin tọwọ́ bọ àdéhùn láti jọ dènà kíkó ọmọdé ṣòwò.

Kí ló kan Ìlàjẹ níbẹ̀? Òkun. Òkun ti gba ilé àti ibi ìsìnkú lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò, bẹ́ẹ̀ ló ń fìyà jẹ àwọn ìlú mìíràn tó wà létí rẹ̀. Òbí tí ilé àti àwọ̀n rẹ̀ ti bá omi lọ kì í pẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní òun ó mú ọmọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lókè, pàápàá tí onítọ̀hún bá fi owó díẹ̀ lé e lọ́wọ́. Owó àkọ́gbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tó gbà á ti tẹ́ ojú ewé kìíní sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ láìgbowó látayébáyé? Ayétòrò gan-an, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, ṣe ọ̀pọ̀ ọdún tí gbogbo ìlú ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ tiwọn ni àpò náà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tó bá sì wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko yín lónìí, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àdá rẹ̀, á lọ sílé. Ẹ wo ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá yín: ṣé ó lè lọ sílé?

ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣírò pé ní 2021, ènìyàn mílíọ̀nù 27.6 ló ń ṣiṣẹ́ tipátipá lágbàáyé. Abala 34 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọlàkejì ṣe ẹrú tàbí fipá mú un ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2015 ní kí iléeṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn máa kéde ohun tó ṣe kí iṣẹ́ ẹrú má baà wọ inú ọjà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ tó wà ní London, tí ẹ ń fowó ránṣẹ́ kọ́lé, ìbéèrè tí wọ́n ń bi iléeṣẹ́ níbẹ̀ ni kí ẹ bi agbaṣẹ́ṣe yín nílé.

Ẹ bi í léèrè: ẹ̀rọ ló fọ́ òkúta yìí ni, àbí òòlù? Bó bá jẹ́ òòlù, ta ló mú un lọ́wọ́? Ìyá tó ń fọ́ òkúta tirẹ̀ tà, oníṣẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń fọ́ ọ fún ọ̀gá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ lọ wo ibi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń sùn, kí ẹ wò ó bóyá ìta ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn gba owó wọn, lójú yín bó bá ṣeé ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn tọ́jú fóònù tàbí káàdì ìdánimọ̀.

Kí ẹ sì san owó tiyín lásìkò. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí àwa tí à ń pe ara wa ní ènìyàn iyì la máa ń dá agbaṣẹ́ṣe dúró fún oṣù mẹ́ta, tí a ó tún máa dúnàádúrà lórí iṣẹ́ tó ti parí. Níbo lẹ rò pé yóò ti rí ohun tí yóò fi dí àlàfo yẹn? Lára ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni.

Bí ẹ bá fura pé wọ́n ń fipá mú àwọn ọmọ iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́, ẹ má lọ gbéjà ko ọ̀gá wọn, ẹ má sì kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú lọ lù ú. Bó bá gbọ́ fìn-ín, òru ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yóò kó àwọn ọmọ náà lọ, ojú omi kì í sì í gba ipa ẹsẹ̀. Ẹ pe 627, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NAPTIP. Ẹ sọ ibi tí wọ́n ń sùn, iye wọn, èbúté tí ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí, àwọ̀ ọkọ̀ náà àti wákàtí tó máa ń dé.