Ilé Tó Bá Ń Pawó, Onílé Kò Ní Wó O

Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, l'Ékòó. Bí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ bá délẹ̀, àwa ọlọ́jà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń nàka sí: wọ́n ní ìsọ̀ wa ló ń lé ilé àwọn Àgùdà tó dé láti Bràsíl kúrò nílẹ̀. N kò gbà.

Ẹ wo Ilojo Bar ní Tinúbú. Ìdílé Fernandez ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1855: ilé oúnjẹ àti ọtí nísàlẹ̀, yàrá lókè. Torí òwò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, tí ọ̀pọ̀ wa ń sáré àgbò nítorí Iléyá ku ọ̀la, wọ́n wó o palẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí João Baptista da Costa kọ́ ṣì dúró digbí ní Martins Street. Láti 1894 tí wọ́n ti ṣí i ni wọ́n ti ń kírun níbẹ̀. Bí òrùlé rẹ̀ bá jò láàárọ̀, wọn yóò ti gbọ́ kó tó di ìrun ọ̀sán. Ilé tí èèyàn ń lò máa ń rí alátùn-únṣe.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn onílé fi ìsàlẹ̀ ilé wọ̀nyí háyà fún wa, kí ojú ilé àti òkè rẹ̀ wà bó ṣe wà. Àwa náà yóò ṣe tiwa: a kò ní fi pátákó bo fèrèsé, a kò ní gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé pláásà alájà mẹ́rin yóò pawó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo owó yẹn ni kí ìjọba bá onílé dí: kí wọ́n yọ̀ǹda owó orí ilé tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún fún un, kí wọ́n sì bá a dá sí owó àtúnṣe. Ẹni tí kò bá ní ná kọ́bọ̀ sórí ilé onílé, kó má wulẹ̀ pàṣẹ pé kí onílé má fọwọ́ kàn án.