Ilé Arúgbó n'Ílọrin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdílé Saraki, kó bẹ̀rẹ̀ láti Ilé Arúgbó. Ibẹ̀ làwọn ìyá àgbà ti ń gba oúnjẹ àti owó lọ́wọ́ Olóyè Olúṣọlá Saraki, aṣáájú ilé aṣòfin àgbà láti 1979 sí 1983. Bùkọ́lá ọmọ rẹ̀ di gómìnà Kwara ní 2003. Nígbà ìdìbò gómìnà ní 2011, baba ń ti Gbémisọ́lá ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn, Bùkọ́lá fa Abdulfatah Ahmed kalẹ̀, ọmọ sì borí baba! Igbe "Ó tó gẹ́" táwọn alátakò ń ké gbá Bùkọ́lá kúrò nílé aṣòfin àgbà ní 2019. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara wó Ilé Arúgbó, wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni. Èmi ò fara mọ́ òṣèlú abọ́ ìrẹsì, ṣùgbọ́n àánú àwọn ìyá yẹn ṣe mí gidigidi.