OHUN KÉKERÉ TÍ A RÍ NÍ 2024



Bí a bá ń ṣírò ọdún 2024, ohun ńláńlá la máa ń dárúkọ: ìyanṣẹ́lódì oṣù Kẹfà, owó-oṣù tó kéré jù tí òfin gbé láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní oṣù Keje, ọkọ̀ ojú-irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní Agége ní oṣù Kẹwàá. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi rántí àwa tí à ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìyànà-Ìpájà wá sí Dọ́pẹ̀mú kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé owó dánfó ju agbára wa lọ. Mo rántí gààrí abọ́ kan tí ènìyàn mẹ́ta pín mu. Mo rántí ọmọdékùnrin kan níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n fẹ́ lé lọ nítorí pé ó pẹ́ dé. Àwa márùn-ún tẹ̀lé e dé ọ́fíìsì. A kò pariwo; a kàn dúró tì í. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ta ló pàṣẹ fún wa? Kò sí. Ẹgbẹ́ gan-an nìyẹn. ₦70,000 wà nínú òfin, ṣùgbọ́n òfin kì í dá rìn wọ ilé-iṣẹ́. Àwa òṣìṣẹ́ ló ń fà á wọlé. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Nítorí náà, bí a bá tún pe ìpàdé ẹ̀ka, ẹ má jẹ́ kí àga ṣófo.